Àdúrà Òwúrọ̀ àti Ohun Tó Ń Tẹ̀lé E

Nínú ọ̀pọ̀ ilé Onígbàgbọ́ nílẹ̀ Yorùbá, àdúrà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Láyé àtijọ́, agogo kékeré ni bàbá máa ń lù, lóde òní, fóònù lè dún, tàbí kí ìyá máa kan ilẹ̀kùn yàrá kiri pé, "Ẹ dìde, àdúrà yá o." Àwọn ọmọ á wọ́ ẹsẹ̀ wá sí pálọ̀, aṣọ ìbora á ṣì wà léjìká àwọn mìíràn. Wọn á kọ orin kan, wọn á ka Bíbélì yípo ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, bàbá tàbí ìyá á ṣàlàyé díẹ̀, àdúrà á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà Àdúrà Olúwa àti Oore-ọ̀fẹ́. Bí wọ́n bá ṣe àmín tán, àwọn ọmọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, àwọn ọmọbìnrin á kúnlẹ̀, wọn á kí òbí wọn kú àárọ̀. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ń ṣe é, Mẹ́tọ́díìsì ń ṣe é, Onítẹ̀bọmi ń ṣe é, ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì àti Kérúbù ń ṣe é. Àwọn ará ìjọ Àgùdà a sì máa fi rósárì kún un.

Mo fẹ́ràn àṣà yìí, mi ò sì fẹ́ kó parẹ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ òbí rò pé bí wọ́n bá ti ṣe é tán, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti parí nìyẹn. Ohun tí èmi gbà ni pé àdúrà òwúrọ̀ ló ń fún ọmọ ní ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́. Gbogbo wákàtí tó kù lọ́jọ́ náà ni ọmọ fi ń wò ó bóyá òbí rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí àdúrà òwúrọ̀ fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́. Ọmọ ọdún márùn-ún kò lè fara da àdúrà ogójì ìṣẹ́jú. Á tòògbé. Bó bá tòògbé, wọ́n á gbá a lórí. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà ń kọ́ nípa Ọlọ́run ni pé Ọlọ́run kì í jẹ́ kéèyàn sùn, nítorí Rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń na òun. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fún ilé tí ọmọ kéékèèké wà. Òbí tó bá ní ẹrù àdúrà tó pọ̀ lè dìde ṣáájú àwọn ọmọ, tàbí kó gbà á lóru nígbà tí wọ́n bá ti sùn.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì ju gígùn rẹ̀ lọ ni kí ọmọ ní ipa tirẹ̀. Èyí tí kò tíì mọ̀wé kà lè mú orin. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n kà, ẹ fún un ní ẹsẹ kan tó kúrú lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó kà á dáadáa kó tó sùn, kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má baà fi ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀. Tó bá kan àdúrà, ẹ má kọ́ ọ láti máa sín àdúrà àgbà jẹ. Ọmọ ọdún méje tó ń pariwo mọ́ àgbára òkùnkùn kò mọ ohun tó ń sọ. Ẹ bi í pé, "Kí lo fẹ́ bá Ọlọ́run sọ lónìí?" Ọmọkùnrin kan tí mo mọ̀ ní kí Ọlọ́run wo ẹsẹ̀ ewúrẹ́ ìyá alábàágbé wọn tí ọ̀kadà gbá. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá wọn kò rẹ́rìn-ín, ó ní "Àmín", nígbà tó sì di ìrọ̀lẹ́, ó mú ọmọ náà dání, wọ́n jọ lọ wo ewúrẹ́ náà, wọ́n bá ẹni tó ni ín kẹ́dùn. Mi ò mọ ìwàásù kan tó lè ṣàlàyé àdúrà fún ọmọ yẹn ju bí ìyá rẹ̀ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀tá náà wà níbẹ̀. Nínú ilé mìíràn, bí àdúrà bá ti bẹ̀rẹ̀ títí tí yóò fi parí, ọ̀tá ilé, ọ̀tá òde, ẹni tó ń wo ògo ẹni ni wọ́n ń bá jà. Ọmọ ń gbọ́. Kò pẹ́ tí yóò fi máa bẹ̀rù àǹtí bàbá rẹ̀ tó wá kí wọn láti abúlé, tí kò ní fẹ́ jẹ ẹ̀pà tó gbé wá. Ọmọ tí a fi ìfura tọ́ kò ní rọrùn láti kọ́ ní ìfẹ́ ọmọnìkejì nígbà tó bá dàgbà. Ẹ dárúkọ ẹbí nínú àdúrà láti súre fún wọn, kí ọmọ gbọ́ orúkọ bàbá àgbà, ti ẹ̀gbọ́n tó ń wá iṣẹ́, ti aládùúgbò tó ń ṣàìsàn.

Ó yẹ ká mọ bí a ṣe dé ibi tí a fi ń fa iṣẹ́ kíkọ́ ọmọ ní ìgbàgbọ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Lọ́dún 1853, míṣọ́nnárì David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn, wọ́n sì kọ́lé míṣọ́nnì sí Kúdẹtì. Olóyè Olúńlọ́yọ̀ó fa ọmọ rẹ̀ méjì lé wọn lọ́wọ́, Akínyẹlé àti Yéjídé. Àwọn ọmọ mìíràn sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Ilé míṣọ́nnì ni wọ́n ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ, tí wọ́n ti ń kọ́ a-b-d, tí wọ́n ti ń kọ́ orin àti àdúrà. Hinderer yìí kan náà ló túmọ̀ ìwé John Bunyan sí èdè Yorùbá, èyí tí a mọ̀ sí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etíkun dí, owó àti ẹrù kò wọlé mọ́, ebi wọ ilé míṣọ́nnì. Anna ń kó ẹrù ilé rẹ̀ tà kí àwọn ọmọ lè rí oúnjẹ jẹ. Àwọn ọmọ náà wà níbẹ̀, wọ́n jọ pín ebi náà, wọ́n sì jọ ń gbàdúrà láàárọ̀ àti lálẹ́. Èmi gbà pé ọdún ebi yẹn kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ tí ìwé a-b-d kò lè kọ́ wọn.

Kò sí àbùkù nínú ohun tí àwọn míṣọ́nnárì ṣe. Òbí àwọn ọmọ náà kì í ṣe Onígbàgbọ́, ta ni ìbá kọ́ wọn nílé? Ṣùgbọ́n àṣà tó bá a wá kò tíì kúrò lára wa: pé ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì ló ni kíkọ́ ọmọ ní ìgbàgbọ́, kí òbí ṣáà ti fún un lóúnjẹ kó sì wọ aṣọ tó mọ́ fún un. Bàbá Onígbàgbọ́ tó jẹ́ ìran karùn-ún nínú ẹ̀sìn ṣì ń já ọmọ sí Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi bí ẹni tó fa ọmọ lé míṣọ́nnì lọ́wọ́. Olùkọ́ ọjọ́ Ìsinmi kì í rí ọmọ náà ju bíi wákàtí kan lọ nínú wákàtí 168 tó wà nínú ọ̀sẹ̀. Ó lè kọ́ ọ ní akọ́sórí, ó sì ń ṣe iṣẹ́ rere. Kò lè wà ní ilé ìdáná nígbà tí ọmọ náà bá jí ẹran jẹ.

Inú ilé ni Bíbélì fúnra rẹ̀ gbé iṣẹ́ náà sí. Nínú ìwé Deuteronomi, òbí ni Mose gbé e lé lọ́wọ́, ó sì ka àkókò tí wọ́n á máa sọ ọ́: nínú ilé, lójú ọ̀nà, nígbà ìdùbúlẹ̀ àti nígbà ìdìde. Nígbà tí Paulu ń sọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ Timotiu, ìyá rẹ̀ Eunike àti ìyá àgbà rẹ̀ Loisi ló dárúkọ. Giriki ni bàbá ọmọ náà. Kí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kì í bá a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rántí ìyẹn. Ní 1529, lẹ́yìn tí Martin Luther ti bẹ àwọn ìjọ Saxony wò, tí àìmọ̀ tó rí níbẹ̀ sì bà á nínú jẹ́, ó kọ Katikísímù Kékeré, ó sì kọ ọ́ kí baálé ilé lè fi kọ́ agbo ilé rẹ̀.

Ọ̀sán ni iṣẹ́ wà. Mo mọ obìnrin kan tó ń ta èlùbọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin máa ń dé sí ìsọ̀ lẹ́yìn ilé ìwé. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan ra kóńgò mẹ́rin, ó ka owó, ó fi ẹgbẹ̀rún náírà kan lé e láìmọ̀, ó sì lọ. Ìyá tún owó náà kà, ó ní kí ọmọ sáré, kó pè wọ́n padà. Ọmọ sáré dé ìdí mọ́tò kó tó bá a. Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ ọjà mọ́, ọmọ ní, "Mọ́mì, wọn ò kúkú ní mọ̀." Ìyá ní, "Àwa tí a mọ̀ ńkọ́?" Kò fi ẹsẹ Bíbélì kankan tì í lẹ́yìn. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ tajà mọ kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú, ó mọ ìgbà tí ìyá òun ń fi ọwọ́ dá èlùbọ́ dúró lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ ìgbà tí bàbá ń ní kí wọ́n sọ fún àlejò pé òun kò sí nílé. Bó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ẹ ń ka òfin mẹ́wàá, ó ń fi ohun tó rí wé ohun tó ń gbọ́.

Torí náà, ohun tí mo kà sí pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni kí òbí lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ. Ó le fún wa. A tọ́ wa dàgbà pé àgbà kì í jẹ̀bi lójú ọmọdé. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá na ọmọ lórí ohun tí kò ṣe, tó sì wá hàn pé àbúrò rẹ̀ ló fọ́ àwo, kí bàbá pè é, kó jókòó, kó sọ ọ́ kedere: "Mo ṣì ọ́ nà. Má bínú, jọ̀ọ́." Kó má fi ẹran kún oúnjẹ rẹ̀ kó sì rò pé ìyẹn ti tó. Gbogbo ohun tí ìgbàgbọ́ Kristẹni ń sọ nípa ẹ̀ṣẹ̀, ìrònúpìwàdà àti ìdáríjì wà nínú gbólóhùn kékeré yẹn. Ọmọ tó gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀ yóò mọ bí òun náà yóò ṣe sọ ọ́ fún Ọlọ́run. Ọ̀wọ̀ bàbá kì í dín kù níbẹ̀ rárá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí tọkọtaya jẹ́ kí ọmọ rí i bí wọ́n ṣe parí ìjà. Àwọn ọmọ gbọ́ ariwo lálẹ́. Wọn kì í sábà gbọ́ ìparí rẹ̀, torí inú yàrá la ti máa ń parí rẹ̀. Kí ọ̀kan nínú yín sọ ọ́ níbi àdúrà òwúrọ̀ pé, "Èmi àti mọ́mì yín ti yanjú ọ̀rọ̀ àná."

Ẹ má fi Bíbélì jẹ ọmọ níyà. Mo ti rí òbí tó ní kí ọmọ tó purọ́ kọ Orin Dáfídì kan ní ìgbà ogún. Ọmọ náà kò ní gbàgbé orin yẹn o, àmọ́ ìrora ọwọ́ ni yóò máa rántí bí wọ́n bá ń kà á nílé ìsìn. Mi ò fara mọ́ fífi ọ̀run àpáàdì dẹ́rù ba ọmọ kéékèèké bí ẹní fi egúngún dẹ́rù bà wọ́n, pàápàá kí wọ́n tó sùn.

Ilé Yorùbá kan kò sì ṣeé sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìmẹ́nu kan àwọn ẹbí wa tó jẹ́ Mùsùlùmí. Ó ṣọ̀wọ́n kí Onígbàgbọ́ má ní ẹ̀gbọ́n, àǹtí tàbí àna nínú wọn. Ọmọ á jẹ ẹran Iléyá nílé wọn, á padà dé, á béèrè bóyá bàbá Ràmótà yóò wọ ọ̀run. Ìbéèrè gidi ni, ẹ má lé e dànù. Ẹ sọ ohun tí ẹ̀yin gbà gbọ́ nípa Jésù láìfi bò, ẹ sì sọ fún un pé ọwọ́ Ọlọ́run ni ìdájọ́ ẹnikẹ́ni wà, kò sí lọ́wọ́ yín. Kí ẹ tún rí i pé ọmọ náà kúnlẹ̀ kí bàbá Ràmótà bó ṣe ń kí pásítọ̀. Ọmọ tó bá gbọ́ tí òbí rẹ̀ ń fi ẹ̀sìn ẹbí ṣe ẹlẹ́yà yóò ti kọ́ ìgbéraga, yóò sì pè é ní ìgbàgbọ́.

Tó bá di alẹ́, a ní ohun èlò kan tí a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jù nù. Àwọn ìyá wa mọ bí wọ́n ṣe ń fi àlọ́ àpagbè kọ́ ọmọ, tí olùsọ ń sọ, tí àwọn ọmọ ń gbe orin. Ìtàn Bíbélì gba irú ìsọ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ìtàn Jósẹ́fù àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè gba alẹ́ mẹ́rin. Ẹ dá a dúró síbi tí wọ́n ti jù ú sínú kànga, kí àwọn ọmọ sùn pẹ̀lú ìbéèrè. Ẹ fi orin kékeré kan sí i tí ẹ̀yin fúnra yín hun, kí wọ́n máa gbè é. Ìkìlọ̀ kan ni mo ní: ẹ má fi "Ààlọ́ o" bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá mọ̀ pé àlọ́ ìjàpá kò ṣẹlẹ̀ rí. Kó mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé ìtàn ni èyí, pé èèyàn bíi tiwa ni Jósẹ́fù, ó sunkún, ó ṣẹ̀wọ̀n.

Orin náà ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ orin inú ìwé orin wa ni wọ́n túmọ̀, tí wọ́n sì fi ohùn orin Yúróòpù kọ, ohùn ọ̀rọ̀ sì yí padà lẹ́nu akọrin débi pé ọmọdé kò ní mọ ohun tó ń sọ. Nítorí èyí ni orin tí ohùn rẹ̀ bá ti ọ̀rọ̀ Yorùbá mu ṣe wúlò fún ọmọ. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta mọ èyí. Ó hun irú orin bẹ́ẹ̀, ó sì kọ wọ́n sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Bí ẹ bá fẹ́ kọ orin inú ìwé, ẹ kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu fún ọmọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbé ohùn sí i.

Owó ọrẹ kò gba àlàyé púpọ̀. Bí ẹ bá fún ọmọ ní owó ọrẹ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, owó yín ló fi sínú agbọ̀n. Ẹ jẹ́ kó yọ ọ́ nínú èyí tí àlejò fún un, kó fúnra rẹ̀ pinnu iye rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó bá yín gbé oúnjẹ lọ fún opó tó wà ní kọ́ọ̀nà, kó rí inú ilé rẹ̀.

Ti èdè le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé Romu jáde lédè Yorùbá ní 1850, odindi Bíbélì sì parí ní 1884, lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀ àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kí iṣẹ́ náà tó jìnnà, ìyá rẹ̀ Afàlá, tí ogun ti yà òun àti ọmọ rẹ̀ nípá fún ohun tó lé ní ogún ọdún, rí i ní Abẹ́òkúta ní 1846. Wọ́n ṣèrìbọmi fún un ní 1848, orúkọ rẹ̀ di Hannah. Èdè ìyá náà ni ọmọ fi ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lónìí, ní Ìbàdàn àti Èkó pàápàá, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń gbàdúrà, èmi kò sì ní sọ pé Ọlọ́run kì í gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kì í gbọ́ ọ. Àdúrà tí ọmọ àti ìyá àgbà kò jọ gbọ́ ti já okùn tó so Loisi mọ́ Timotiu. Àwọn ilé kan ń fi Yorùbá ṣe àdúrà òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ti àárín ọ̀sẹ̀, ó sì ń bá wọn lọ. Lọ́dọ̀ àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, mo ti rí i tí WhatsApp ṣe iṣẹ́ náà: ìyá àgbà ní Iléṣà, ọmọ ọmọ ní Peckham, Orin Dáfídì kan láàárín wọn lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Aago kò dí wọn lọ́wọ́. Dọ́gbadọ́gba ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọ̀hún, wákàtí kan péré ni tiwa fi ṣíwájú nígbà òtútù. Ọmọ ń ka ẹsẹ kan, ìyá àgbà ń tún un pè, ọmọ sì ń béèrè bí orúnkún wọn ṣe ń ṣe kó tó gbàdúrà fún wọn.

Ọmọ a dàgbà. Nígbà tó bá tó ọdún mẹ́rìndínlógún, ó lè jókòó sí pálọ̀ láàárọ̀ kó má la ẹnu, tàbí kó sọ pé òun kò mọ̀ bóyá Ọlọ́run wà. Ọ̀pọ̀ òbí á gbé e lọ fún ìtúsílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Bó bá rí i pé àníyàn òun di ẹ̀mí èṣù lẹ́nu yín, kò ní sọ ọ́ fún yín mọ́, yóò máa ṣe àmín tí kò ti inú wá títí tí yóò fi wọ yunifásítì. Ẹ lè ní kó jókòó pẹ̀lú ẹbí nígbà tí ẹ bá ń kàwé, torí ọmọ ilé ni. Ẹ má fipá mú un gbàdúrà sókè. Ẹ sọ àkókò tí ẹ̀yin náà ké pe Ọlọ́run tí ẹ kò gbọ́ nǹkan kan, bí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ sì sọ ohun tó mú yín dúró.

Ó sì lè gba ìjọ mìíràn lọ. Nínú ilé Akínyẹlé ní Ìbàdàn, ọmọ ìyá méjì ló jáde: Alexander Babátúndé, tó dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní 1913, tó sì di bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà àkọ́kọ́ fún Ìbàdàn ní 1952, àti Isaac Babalọlá, tó fi Áńgílíkà sílẹ̀, tó di ọ̀kan lára àwọn aṣíwájú Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi, tó sì jẹ Olúbàdàn ní 1955. Ilé kan náà ló tọ́ àwọn méjèèjì. Bí ọmọ tiyín bá gba ọ̀nà ìjọ mìíràn, ẹ má kọ̀ ọ́ lọ́mọ. Ẹ lọ bá a jọ́sìn níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ẹ bá wọn kọ orin tí ẹ kò mọ̀, kí ẹ sì yà jẹun nílé rẹ̀ kí ẹ tó padà.